Yọ Eyín Náà, Ìdána Lè Dúró

Òdòdé, Ìdànrè,
Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò.

Fọlákẹ́ mi,

Lọ yọ eyín náà.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà nìyẹn. Èmi náà ni mo kọ́ ọ, ìwọ àti ọ̀pọ̀ ọmọ Òdòdé mìíràn, pé kí ẹ kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ béèrè? O ti kọ ọ́ sí mi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ọ̀tún wú, pé ṣíbí kékeré ló kù tó ń ráyè wọ ẹnu rẹ, pé omi ọbẹ̀ lásán ni o fi ń gbé ara ró. Àlàáfíà kò sí ńbẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fi ìdáhùn ṣáájú. Ìyókù lẹ́tà yìí, àlàyé ni. O mọ bàbá rẹ: bí mo bá dáhùn tí mi ò ṣàlàyé, ara mi kò ní balẹ̀.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe yé mi. Eyín rẹ ìkẹyìn nísàlẹ̀ kò rí àyè hù sókè. Ó dùbúlẹ̀ sínú egungun, ó fi orí ti eyín tó wà níwájú rẹ̀, ẹran sì bo ìdajì rẹ̀. Oúnjẹ ń há sábẹ́ ẹran yẹn, ó ń rà níbẹ̀, ó sì ń di ọyún. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ó máa wú nìyí. Dókítà eyín níbẹ̀ ní Ìbàdàn sọ fún ọ pé ẹ̀mú lásán kò lè fà á. Òun yóò la ẹran, yóò gé díẹ̀ nínú egungun, yóò sì pín eyín náà kí ó tó lè jáde. Ó ní kí o má ṣe jẹ́ kí ó tún wú mọ́, nítorí irú ọyún bẹ́ẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn, kí ó sì dí èémí. Ó fún ọ ní ọjọ́. Ọjọ́ náà sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdána rẹ.

Ibẹ̀ ni ẹbí Délé, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ, ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní ilé tiwa, bí a bá ń ṣe ìdána, a máa ń fi orógbó àti atare tọ́ ìyàwó lẹ́nu lásán ni, kí àdúrà lè dùn. Ní ilé tiwọn, ìyàwó gbọ́dọ̀ fi eyín ara rẹ̀ gé orógbó náà lójú gbogbo ènìyàn. Gbogbo ilé á dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọ́n á na etí, bí orógbó bá sì ti dún kàà báyìí, àwọn ìyàwó ilé á hó yèè. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá da atare sí i lẹ́nu, tí yóò sì rún un láìyí ojú padà. Orógbó líle, atare gbígbóná, nínú ihò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òwú rán! Bí ẹni tó kórìíra rẹ bá jókòó láti ronú ohun tí yóò fi ṣe ọ́ níbi, kò lè rí èyí tó dáa tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Délé wá bá mi ní àná lórí ọ̀rọ̀ yìí. O mọ̀ ọ́n: ẹni tó ṣe akọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Kóòtù, tí òun náà sì ń dáhùn bí ẹni pé oyè ni. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ó jókòó, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ ka ìdájọ́.

"Tíṣà," ó ní, "mo gbọ́ pé ìyàwó wa fẹ́ lọ gé ẹnu."

"Eyín ni, sà. Ẹnu rẹ̀ á kù síbẹ̀. Ẹ̀yin náà á máa gbọ́ ọ."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ nìyí. Ẹbí ti jókòó. A ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti òkè dé ilẹ̀. Ìpinnu wa ni pé kí eyín náà gba àjọ́ọ̀nmẹ́ǹtì títí di ẹ̀yìn ìgbéyàwó."

"Ṣé ẹ ti fi tó eyín náà létí?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ tí ilé àwọn ti wà, ìyàwó kankan kò tíì fi eyín tó dín wọlé sọ́dọ̀ àwọn. Mo wo ẹnu rẹ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́. Fọlá, o mọ̀ pé ọkùnrin yìí máa ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì kí ó tó lè jẹ ẹ́. Mo fẹ́ bi í pé mélòó ló kù nínú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ wúkọ́ láti inú ilé ìdáná, mo sì gbé e mì. Bàbá Kóòtù wá dìde dúró, ó sọ gbólóhùn tó gbé e wá gan-an: "Tí kò bá gé orógbó lọ́jọ́ tí a dá, Tíṣà, kò sí ìdána."

Bí a ṣe parí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó kan ẹnu rẹ, nítorí èmi nìkan ni mo ti gba ọ̀nà yìí kọjá nínú gbogbo àwọn tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn. Bàbá Kóòtù kò dé ibẹ̀ rí. Tirẹ̀ ń já fúnra wọn.

Èkínní: má ṣe fi eyín dúró de ayẹyẹ. Nígbà tí mo jẹ́ tíṣà kékeré ní Àtosìn, irú eyín yìí gan-an mú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n sì ti sọ fún wa pé òyìnbó tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò ń bọ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ gba òyìnbó yẹn kọjá ná. Tíṣà pàtàkì ni mí lójú ara mi nígbà náà. Mo ti ra táì. Nígbà tí òyìnbó náà máa fi dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti tó ọ̀pọ̀lọ́, mo fi gèlè ìyá onílé mi di orí pọ̀ mọ́ àgbọ̀n, mo sì so táì mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ó bi mí pé ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì. Ohun tó jáde lẹ́nu mi dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó fi iṣu gbígbóná há ẹnu. Ó wo àwọn ọmọ, ó wò mí, ó bi hẹ́dímásítà pé ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sọ yẹn. Òyìnbó lọ, eyín kò lọ. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn kiri lórí kẹ̀kẹ́ fi ẹ̀mú fà á fún mi lẹ́bàá fèrèsé, ó já a sí méjì, ó kó ti òkè lọ, ó fi gbòǹgbò sílẹ̀ fún mi. Gbòǹgbò yẹn ló gbé mi dé orí tábìlì dókítà ní Òndó, níbi tí wọ́n ti gé e jáde bí wọn yóò ṣe gé tìrẹ. Ká ní mo lọ nígbà tó ṣì kéré, bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kì bá tí tẹ̀ sínú lápá òsì báyìí. Ìwọ náà ti ń bi mí láti kékeré pé kí ló dé ibẹ̀. Mo máa ń sọ pé ẹ̀rín ló ṣe é.

Èkejì, ohun tí wọ́n máa ṣe fún ọ níbẹ̀. Jẹun kí o tó lọ, bí dókítà kò bá ní kí o má jẹ, nítorí ó máa pẹ́ kí o tó tún gbádùn oúnjẹ. Fọ ẹnu rẹ dáadáa. Wọn yóò gún ọ ní abẹ́rẹ́ nínú ẹnu, ìyẹn ni yóò dùn ọ́ jù. Lẹ́yìn rẹ̀, ètè àti ìdajì ahọ́n rẹ yóò kú, bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni o yá lò. Láti ìgbà yẹn lọ, ìrora kọ́ ni o máa bá pàdé, ariwo ni. Eyín sún mọ́ etí ju bí o ṣe rò lọ. Bí irin bá kan egungun, yóò dà bíi pé ẹnì kan ń la igi nínú orí rẹ. Dókítà yóò tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀, yóò fi agbára ti àgbọ̀n rẹ, ìwọ yóò sì rò pé ó ń jà. Kò jà, iṣẹ́ ló ń ṣe. Bí ó bá dùn ọ́ gan-an, tí kì í ṣe pé ó kàn tẹ̀ ọ́, na ọwọ́ sókè kí ó fi abẹ́rẹ́ kún un. Èmi kò na ọwọ́. Mo rò pé ọkùnrin ni mí. Nọ́ọ̀sì tó di orí mi mú wò mí lójú, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n na ọwọ́ sókè bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àbí ẹ̀yin kọ́?" Mo na ọwọ́.

Tí ètè bá ṣì kú, má jẹ nǹkan kan, má sì mu ohun gbígbóná. O lè gé ètè ara rẹ jẹ bí ẹran, o kò sì ní mọ̀ títí yóò fi jí.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀jẹ̀, kí o sì ka ibí yìí dáadáa. Wọn yóò ká òwú lé ojú ihò náà, wọn yóò ní kí o fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀! Má máa yọ ọ́ wò, má máa sọ̀rọ̀ yí i ká. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sínú ihò yẹn ni ìbòrí rẹ̀. Bí ó bá ṣí kúrò, egungun ló máa wà níta gbangba. Nítorí náà, má tu itọ́ fàà bí a ṣe ń ṣe nílé, jẹ́ kí ó ṣàn jáde fúnra rẹ̀ sórí aṣọ. Má fa nǹkan mu bí ẹni tó ń fa ọsàn. Má yọ ahọ́n sí i. Gbé ìrọ̀rí sókè bí o bá fẹ́ sùn, kí o sì tẹ́ aṣọ àtijọ́ lé e. Itọ́ pupa díẹ̀díẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní kò ní pa ẹnikẹ́ni. Má sì gbé ohun tó wúwo, má gun òkè.

Má gun òkè ni mo wí. Ìwọ lè máa rò ó pé òkè wo ló wà ní Ìbàdàn tó tó ti wa, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí ìlú ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá sí Òdòdé, bàbá mi kọ̀. Ó ní àwọn tó sọ̀kalẹ̀, orúnkún wọn ló rẹ̀ wọ́n. Òun dúró lókè pẹ̀lú àwọn arúgbó díẹ̀. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé, kí ó tó tú ẹrù, ó gbọ́dọ̀ gun òkè lọ kí bàbá rẹ̀. Mo ti Òndó dé ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gé gbòǹgbò yẹn. Nọ́ọ̀sì ti ní kí n sinmi. Mo rò pé ìyẹn jẹ́ òfin fún àwọn aláìsàn, kì í ṣe fún tíṣà. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn òkúta náà. Kí n tó dé ìdajì, àyà mi ń lù kìkì, ẹnu mi sì kún fún ohun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi iyọ̀. Mo tu ú. Òmíràn kún un. Gbogbo èyí tí mo bá tu ló ń pe òmíràn wá. Nígbà tí mo máa fi yọ sí bàbá mi, ṣẹ́ẹ̀tì mi ti di ti alápatà.

Ó wò mí láti orí ìjókòó rẹ̀. "Ta lo bá jà?"

Mo ní dókítà ni.

"Ó borí rẹ?"

"Ó borí mi, bàbá."

"O sì sanwó fún un?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó mú atare jáde, ó bó o, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní kí n rún un sí ibẹ̀, pé atare máa ń gbẹ ẹ̀jẹ̀. Mo ti ka ìwé tó pọ̀ nígbà náà, Fọlá. Mo mọ̀ pé kò tọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí ọmọ ṣe ń sọ "rárá" fún bàbá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo rún un. Mo rí gbogbo ilẹ̀ Ìdànrè láti orí òkè yẹn lọ́jọ́ náà, títí kan àwọn ibi tí kò sí. Ojú ọgbẹ́ náà bó, ó wú, ibà mú mi, wọ́n fi àga gbé mi sọ̀kalẹ̀ bí ìyàwó tuntun, mo sì padà sí Òndó lọ jẹ ìyà mìíràn. Nígbà yẹn, abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì tó wà nísinsìnyí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Orí ló kó mi yọ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé atare kò lè ṣe nǹkan kan, sọ fún un pé bàbá rẹ ti jẹ ẹ́ rí. Mo pinnu lọ́jọ́ náà lórí ẹní pé bí mo bá bímọ, ọmọ náà yóò mọ bí a ṣe ń sọ "rárá" fún àgbà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ bí ó bá pọn dandan, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ "rárá" gidi. O ti kọ́ ọ dáadáa nílé, o máa ń sọ ọ́ fún mi lójoojúmọ́. Ó ti tó àkókò kí o sọ ọ́ níta.

Ṣé ẹ̀kẹrin ni mo dé àbí ẹ̀karùn-ún? Bí mo bá ti ṣì í kà, máàkì mi ni kí o dín. Ti oúnjẹ ló kàn. Ẹ̀kọ mímu tó tutù tàbí tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe èyí tó ń yọ èéfín. Ọbẹ̀ ẹja láìsí ata, tí o bá ti yọ egungun rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀wà tí o sè títí ó fi di omi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, tí o tẹ̀ kúnná. Fi apá kejì jẹ ẹ́. Iyán lè dúró, kò ní bínú. Mo mọ̀ pé ọmọ Ìdànrè ni ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa gba ìlú lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀pà àti gúgúrú, má tilẹ̀ wò ó, nítorí wọ́n máa ń sá wọ ihò. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti mọ́ ọjọ́ kejì, po iyọ̀ díẹ̀ sínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, gbé e sẹ́nu, yí orí rẹ sí ọ̀tún, yí i sí òsì, kí o sì jẹ́ kí ó dà jáde. Má yọ ẹnu gbùlùgbùlù. Ṣe é lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ. Fi orín fọ àwọn eyín tó kù, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ó kan ibẹ̀ títí wọn yóò fi tú òwú tí wọ́n fi rán an.

Gbogbo obìnrin àdúgbò rẹ ni yóò gbé oògùn wá, mo mọ̀. Ọ̀kan yóò ní kí o fi ògógóró sí i, ọ̀kan yóò ní áásáà, ọ̀kan yóò lọ hóró oògùn orí fífọ́ kúnná, yóò ní kí o rọ ọ́ sínú ihò. Hóró oògùn, gbígbé mì là ń gbé e mì, iye tí dókítà bá sọ. Bí o bá gbé e lé ẹran ẹnu, yóò jó o bí iná. Dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Gba gbogbo rẹ̀. Kó o sábẹ́ ibùsùn.

Fọlá, má gbé dígí ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Ìgbà yẹn ni ó máa ń wú jù, lẹ́yìn tí o ti rò pé ó ti tán. Awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè ṣókùnkùn títí dé ọrùn bí ibi tí wọ́n lù. Ẹnu kò ní ṣí tán, àgbọ̀n yóò le bí ilẹ̀kùn tí òjò pa. Fi aṣọ tí o rì sínú omi tútù inú àmù lé e ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Lẹ́yìn ìgbà náà, aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló dáa. Yóò máa fà sẹ́yìn lójoojúmọ́. Má padà lọ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kí o tó lè sọ̀rọ̀ láì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ti kú rí nítorí tíṣà kò wá.

Ṣùgbọ́n mọ èyí tí kì í ṣe ohun tí a ń fara dà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dúró lẹ́yìn tí o ti fi eyín tẹ òwú mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí ìrora bá lọ tí ó tún padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí ó ń ta dé etí, tí ẹnu sì ń rùn. Bí ibà bá mú ọ, tí wíwú náà kò sọ̀kalẹ̀ mọ́ tí ó ń lé sí i. Bí ètè bá ṣì kú nígbà tí o bá lọ tú òwú tí wọ́n fi rán an, padà sọ fún dókítà. Bí itọ́ bá ṣòro gbé mì, tàbí tí mímí bá di iṣẹ́, má dúró wá bàtà. Lọ! Bí ó bá jẹ́ òru, kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé. Má ṣe ìtìjú. Àwọn tó ń kú nítorí eyín, kì í ṣe eyín nìkan ló pa wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn kò fẹ́ da ẹnikẹ́ni láàmú.

Ó ku bí a ṣe parí rẹ̀ pẹ̀lú Bàbá Kóòtù. Ó ti sọ pé kò sí ìdána. Èmi ti la ẹnu láti dá a lóhùn, mo ti to gbólóhùn mi, ó gùn, ó sì dáa. Mi ò ráyè sọ ọ́. Ìyá rẹ jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọ orógùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ sọ nípa orógbó?"

"Ìyá Fọlákẹ́, àwa ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

"Mo gbọ́, sà. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí ẹ ti jókòó. Ọmọ yìí, èmi ni mo gbé e pọ̀n nígbà tó ń hu eyín. Ejìká mi ni ó fi ń gé nǹkan. Kò sí ẹbí kankan tó jókòó lé mi lórí nígbà náà. Ẹnu rẹ̀ ń wú, dókítà ní ó lè dí i lọ́fun. Ìdána ti yẹ̀, sà. Nígbà tí ẹnu ọmọ mi bá jinná, a ó ránṣẹ́ sí yín."

"Tí àwa kò bá lè dúró ńkọ́?"

"Orógbó pọ̀ lọ́jà, sà. Ẹ wá ẹni tó máa bá yín gé e."

Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Bàbá Kóòtù wò mí, bóyá mo máa bá a wí. Mo wo òkè àjà. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó ní a máa gbọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn. Mo ní à ń retí. Ìgbà tí ó lọ tán ni ìyá rẹ jókòó sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ṣé mo ti ba ti ọmọ mi jẹ́?"

Mo sọ fún un pé rárá. Mo kọ ọ́ síbí pẹ̀lú, kí ìwọ náà má baà máa bi ara rẹ. Bí ìgbéyàwó yìí bá fọ́ nítorí eyín kan, ó ti fọ́ tẹ́lẹ̀. Eyín náà ló kàn fi hàn wá. Ilé rẹ wà níbí, yàrá rẹ wà níbí, kò sì sí ẹni tó máa bi ọ́ ní ohun tó dé.

Ṣùgbọ́n Délé kò sí níbẹ̀ ní àná, mi ò sì fẹ́ dá a lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde. Nítorí náà, kọ̀wé sí i ní Àkúrẹ́. Sọ ọjọ́ àti ilé ìwòsàn fún un. Má bẹ̀ ẹ́, má ṣàlàyé orógbó, má sọkún sórí ìwé. Ìyá rẹ yóò ti wà lọ́dọ̀ rẹ. Ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ti gba ìjókòó iwájú lọ́rì, Ọlọ́run ló máa gba awakọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ eyín náà tán, ojú rẹ yóò wú, ètè rẹ yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, itọ́ yóò máa ṣàn sórí ìrọ̀rí, ọ̀rọ̀ rẹ kò sì ní já gaara. Kò sí bí o ṣe máa rí tó burú ju ìyẹn lọ lójú ọkọ. Dùbúlẹ̀, kí o máa wo ẹnu ọ̀nà.

Bí Délé bá wọlé, tí ó fa àga sún mọ́ ọ, tí ó sì gba ṣíbí ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá rẹ, fẹ́ ẹ. Ọjọ́ tó bá wù ọ́ ni kí o dá, èmi yóò sì wá jó. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwé Bàbá Kóòtù ni wọ́n mú wá dípò rẹ̀, má ṣí i. Fún ìyá rẹ. Yóò fi dáná ẹ̀kọ rẹ.

Bàbá rẹ ni mí, lójoojúmọ́.